Wọ́n ń kàwé já geere, ṣùgbọ́n kò yé wọn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2, àwọn 54 nínú kíláàsì kan. Bí wọ́n bá ń ka àyọkà sókè, ó máa ń dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá bi wọ́n pé, "Kí ló dé tí ìyá yẹn fi bínú?", kẹ́kẹ́ á pa. Wọ́n á kàn wá ọ̀rọ̀ tó jọ ti inú ìbéèrè, wọ́n á sì da odindi gbólóhùn náà kọ. Èyí máa ń pa wọ́n lára ní WAEC, pàápàá níbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn sọ kókó àyọkà ní ṣókí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi Yorùbá jíròrò àyọkà kan. Ọmọbìnrin kan tí kì í lanu sọ̀rọ̀ ló ṣàlàyé ohun tí èmi gan-an kò rò kàn. Inú mi dùn púpọ̀. Mo rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6.

Àmọ́ ilé ìwé wa kò fẹ́ Yorùbá ní kíláàsì, ìṣẹ́jú 40 péré ni mo sì ní. Ẹni tó bá ti ṣe irú èyí rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe bá ọ̀gá yín sọ ọ́? Ìgbà wo lẹ wá kó wọn padà sí Gẹ̀ẹ́sì?