Ta ló ń san owó orí kó tó gbowó?

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àjókòósílé-ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí ohun tí mo fi ń jẹun nìyẹn nílé mi ní Pánsẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta níbí. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lédè Yorùbá ni mò ń tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, iye ìṣẹ́jú ohùn náà ni wọ́n fi ń ṣírò owó mi.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò ọkọ mi, Àdúmáadán ni mo máa ń pè é, wọlé wá bá mi. "Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní 60,000 náírà, ọ̀la ni màá dá a padà."

Kí ló fẹ́ fi ṣe? Wọ́n ti gbà á síṣẹ́ lórí Telegram, kó máa tẹ "like" sí fídíò YouTube. 1,500 náírà tí wọ́n kọ́kọ́ fún un wọlé wàrà. Wọ́n ní kó fi 10,000 sílẹ̀ fún iṣẹ́ àkànṣe, wọ́n dá 13,000 padà. Lọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, ó fi 45,000 sí i. Owó ń gbèrú lójú fóònù, àmọ́ kò ṣeé gbà jáde àfi tó bá san owó orí, ìyẹn ló fẹ́ yáwó fún.

Owó orí kẹ̀! Ẹni tó bá rántí bí MMM, ètò sọwó-di-púpọ̀ yẹn, ṣe tilẹ̀kùn mọ́ àwọn èèyàn lóṣù Kejìlá ọdún 2016 mọ̀ pé wọ́n sanwó fáwọn tó kọ́kọ́ dé náà.

Mo ní kó fi gúrúùpù yẹn hàn mí. Àwọn mẹ́ta ti gbé àwòrán alert síbẹ̀ láàárọ̀ pé owó ti wọlé fáwọn. Orúkọ wọn ò jọra, báńkì wọn ò jọra, àmọ́ bátìrì tó wà lókè àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 43% ni, bí ẹni pé orí fóònù kan ṣoṣo ni wọ́n ti wá. Ó ní wọ́n kúkú fi ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, ránṣẹ́. A wá orúkọ ọ̀hún lórí ìkànnì CAC, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́: Kánò ni àdírẹ́sì rẹ̀, àwọn yìí sì ní Ìkẹjà làwọn wà. Orúkọ olórúkọ ni wọ́n jí lò. Àkáǹtì tó ń sanwó sí ńkọ́? Orúkọ èèyàn ló ń jẹ́, kì í ṣe ti iléeṣẹ́.

Èyí tó tiẹ̀ yà mí lẹ́nu jù, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ní tèmi, ìdánwò làwọn tó gbà mí síṣẹ́ fi pàdé mi: ètò rédíò kan tí bàbá àgbàlagbà kan ti ń sọ Ẹ̀gbá pọ́ńbélé, kí n fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀. Wọ́n dá a padà kí n tún un ṣe. Owó àkọ́kọ́ pẹ́ gan-an kó tó gba Payoneer, ètò tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ láti òkè òkun, dé, àmọ́ wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, wọn ò béèrè OTP, nọ́ńbà àṣírí tí báńkì máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù. (Owó dátà àti epo jẹnẹrétọ̀ ló ń pa mí lára.)

Ilẹ̀ mọ́, a lọ fẹjọ́ sun báńkì rẹ̀ ní Ìbarà. Wọ́n gba ẹ̀sùn, owó ò tíì padà. Àwọn ará gúrúùpù ti yọ ọ́ dànù.

Ní báyìí, oníṣòwò àdìrẹ kan ní Ìtòkú ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó ń ya àwòrán aṣọ, ó ń dá oníbàárà lóhùn lórí WhatsApp, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń gbowó. Owó náà ò pọ̀, ó sì ń ráhùn pé àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà kì í jẹ́ kóun sùn.