Ìbọn àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ rà, owó ò sì pọ̀ lọ́wọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Kétu:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́. Àgbẹ̀ ni mí, oko mi wà lọ́nà Ìlárá, ní Kétu nílẹ̀ Benin, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni mò ń ṣe jù. Ọ̀yà ti fẹ́ lé mi kúrò nínú oko yìí. Tí ẹ bá débẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó rí igi àgbàdo tí wọ́n gé nídìí, tí wọ́n gé e ní dàgẹ̀rẹ̀ bíi pé àdá tó mú ni wọ́n fi gé e, wọn ò sì ní jẹ gbogbo ẹ̀ o, ibi tó rọ̀ ni wọ́n á jẹ, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀, wọ́n á bọ́ sórí òmíì.

Mo ti dẹ páńpẹ́, ó ń mú, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan. Mo wá pinnu pé màá ra ìbọn. Bàbá mi ò ṣọdẹ, kò sẹ́ni tó ní ìbọn rí nílé wa, torí náà mi ò rẹ́ni bi. Owó ọwọ́ mi ò ju 300 000 sefa lọ, inú ẹ̀ náà ni owó ìwé àṣẹ ìbọn àti owó kátúùṣì, ìyẹn ọta tí wọ́n ń kì sí i, máa ti jáde. Kàrábín 22, ìbọn tó ń yin ọta kan ṣoṣo, tó ní lunẹ́ẹ̀tì (awò ìfojúsùn) lórí ló wù mí, torí fídíò tí mò ń wò, ó jọ pé kì í pariwo jù, ọta ẹ̀ kéré, ó sì ń lọ tààrà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra kalíbà 12 ẹlẹ́nu kan, ìbọn ọta wẹẹrẹ. Ẹlòmíì ní alágbẹ̀dẹ kan lè rọ ṣakabùlà fún mi lówó pọ́ọ́kú. Ẹnì kan tún wà lódìkejì bọ́dà tó ní àlòkù kan lọ́wọ́, kò níwèé, owó ẹ̀ ò tó ìdajì ohun tó wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ ṣe máa bá àbúrò yín sọ ọ́ ni kí ẹ bá mi sọ ọ́. Mo fẹ́ gbàgbé, ọwọ́ òsì ni mò ń lò.

Ọdẹ Ṣábẹ:

Àbúrò, o káre tóo béèrè kóo tó náwó. Jẹ́ n bi ọ́, ìgbà wo ni ọ̀yà ń wọ oko ẹ? Alẹ́ ni, àbí? Ọ̀yà kì í ṣe ẹran ọ̀sán. Ojúmọ́ tó bá ti mọ́ inú koríko gíga ló máa há mọ́. Kàrábín onílunẹ́ẹ̀tì tóo rí nínú fídíò yẹn, ẹran tó dúró sójú kan ní gbangba ló dára fún, kí ẹni tó mú un dọ̀bálẹ̀, kó fara balẹ̀ fojú sùn ún, kó tó yìn ín. Ọ̀yà ò ní dúró fún ẹnikẹ́ni. Bá a ṣe ń pa á lọ́dọ̀ wa, ajá la fi ń tú u jáde, àwọn ajá á máa gbó nínú koríko níbẹ̀, koríko á kàn mì, ó ti já jáde fìrì ó ti sọdá ojú ọ̀nà, kí lo fẹ́ fi ọta kan ṣoṣo tí ò nípọn ju 5,6 milimítà lọ ṣe níbẹ̀? Kalíbà 12, ọta wẹẹrẹ rẹpẹtẹ ló ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ, ìyẹn ló lè bá ẹran tó ń sáré.

Ohun tó tún bà mí lẹ́rù jù nìyí. Ọta 22 kéré lójú, ṣùgbọ́n tóo bá yìn ín tí ẹnu ìbọn gbé sókè díẹ̀, ó lè rìn ju kìlómítà kan lọ kó tó balẹ̀, kódà ó lè ju kìlómítà kan àtààbọ̀. Ilẹ̀ yín ní Kétu tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní òkúta ńláńlá bíi tiwa tó lè gbà á dúró, àwọn obìnrin wà lóko ẹ̀gẹ́, àwọn ọmọ ń ṣa igi, o ò rí wọn, wọn ò rí ẹ. Ọta wẹẹrẹ tiẹ̀ ní ibi tó máa já sí, kì í sábà kọjá 300 mítà, ẹran sì ti gbọ́dọ̀ wà láàárín 30 sí 35 mítà kó tó pa á dáadáa. Èyí tó tóbi tí wọ́n ń pè ní chevrotine yẹn ń lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ o, o ò sì nílò ẹ̀ fún ọ̀yà.

Ẹlẹ́nu kan ni kóo rà, èyí tó ń ṣẹ́ láàárín tóo bá fẹ́ ki kátúùṣì bọ̀ ọ́. Baikal ará Rọ́ṣíà wà, IZh-18, ọ̀pọ̀ ọdẹ mọ̀ ọ́n, nǹkan tó lè bàjẹ́ lára ẹ̀ ò pọ̀. Ti ọwọ́ òsì tóo sọ, ìyẹn ò ní yọ ọ́ lẹ́nu rárá, torí ìbọn tó ń ṣẹ́ láàárín ò yàn láàárín ọ̀tún àti òsì. Kàrábín tí irin tí wọ́n ń fà wà lápá ọ̀tún ni ì bá dà ọ́ láàmú, wàá máa na ọwọ́ kọjá lórí ẹ̀ nígbà gbogbo.

Ará Pobẹ̀:

Kí ẹ tó máa yan ìbọn fún un, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìwé ná. Ẹni òdìkejì bọ́dà yẹn, pa nọ́ńbà ẹ̀ rẹ́ lórí fóònù ẹ lónìí. Ìbọn tí ò níwèé, o ò mọ ibi tó ti wá, o ò mọ ohun tí wọ́n ti fi ṣe. Nọ́ńbà wà lára irin ẹ̀, tó bá jẹ́ pé wọ́n jí i, tàbí wọ́n fi pa èèyàn níbì kan, ọwọ́ ìwọ tí wọ́n bá a lọ́wọ́ ẹ ni wọ́n máa mú. Àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO (ECOWAS, àjọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà) ti fọwọ́ sí àdéhùn lórí ìbọn kéékèèké ní Abuja láti 14 oṣù kẹfà 2006, òun ló ní kí wọ́n máa tẹ àmì sára ìbọn kí wọ́n lè mọ ibi tí kálukú ti ń bọ̀. Tóo bá sì gbé e sọdá bọ́dà, fàyàwọ́ ìbọn ni wọ́n ń pè é, kò sí orúkọ míì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́nà Ìlárá lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ èèyàn wò níbẹ̀ jù.

Kọmísáríà (àgọ́ ọlọ́pàá) Kétu ni kóo kọ́kọ́ lọ. Láti 2018 tí wọ́n ti da jandáámù àti pólísì pọ̀, Police républicaine ni gbogbo wọn ń jẹ́, wọ́n á sọ ohun tí fáìlì ìwé ìbọn ń fẹ́ àti ibi tó máa gbà kọjá. Béèrè iye tí gbogbo ìwé máa jẹ́, yọ ọ́ kúrò nínú 300 000 yẹn, èyí tó bá ṣẹ́kù lowó ìbọn ẹ. Má san kọ́bọ̀ fún olùtajà kankan kí ìwé tó jáde, torí tí wọn ò bá fún ẹ, olùtajà ò ní dá owó ẹ padà.

Kóo sì mọ̀ pé ìwé tó jẹ́ kóo ní ìbọn yàtọ̀ sí pèmí, ìwé àṣẹ tó jẹ́ kóo ṣọdẹ. Òfin 2002-16 tí wọ́n fọwọ́ sí ní 18 oṣù kẹwàá 2004 ló dá lórí ẹranko ìgbẹ́ nílẹ̀ wa, ó sọ àwọn ẹran tí wọn ò gbọ́dọ̀ pa. Igbó ìjọba Dogo-Kétu náà ò jìnnà sí yín, má gbé ìbọn wọbẹ̀ pé ọ̀yà lò ń lé.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, Kétu:

Èmi ni kí n sọ ti ṣakabùlà torí ilé àgbẹ̀dẹ ni wọ́n bí mi sí, Ògún la fi ń jẹun, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò tíì lo ìbọn rí kò gbọ́dọ̀ fi ṣakabùlà bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dán irin ẹ̀ wò bí wọ́n ṣe ń dán ti ilé iṣẹ́ wò. Ètù dúdú tí wọ́n ń rọ sí i, ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, èyí tó bá sì ti gba òtútù ò ní jó lójú ẹsẹ̀, ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó bú, nígbà yẹn ẹni náà ti ń yọjú wo ẹnu ìbọn. Èyí tó burú jù ni àwọn tó máa ń tú ètù inú kátúùṣì tí wọ́n á rọ ọ́ sínú ṣakabùlà. Ètù méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà! Ti kátúùṣì lágbára ju ohun tí irin yẹn lè gbà lọ, ojú àti ìka ọwọ́ ló ń bá a lọ. Mo mọ èèyàn tí ọwọ́ òsì ẹ̀ ò ju ìka méjì lọ mọ́ nítorí ẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún gbogbo ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ bá mọ̀.

Ọ̀dọ́ Sakété:

Kí ló dé tí ò ra kàrábín oníafẹ́fẹ́ 4,5 milimítà yẹn ná? Owó ẹ̀ ò wọ́n, kó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fojú sun nǹkan.

Ọdẹ Ṣábẹ:

Láti fi kọ́ṣẹ́ ó dáa, fún ẹyẹ kéékèèké náà. Ọ̀yà ńkọ́? Akọ ọ̀yà tó dàgbà lè wọ̀n tó kìlò mẹ́jọ, ọta oníafẹ́fẹ́ á kàn dá egbò sí i lára ni, á gbé e wọ koríko, á lọ kú síbi tẹ́nì kan ò ní rí i. Inú mi kì í dùn tí mo bá gbọ́ irú ẹ̀, ẹran tóo bá yìn, gbìyànjú kóo pa á lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá Alágbàdo, Àjàṣẹ́:

Ọmọ mi, ẹ kú ìpalára oko. Mi ò ní kóo má ra ìbọn o, ṣùgbọ́n ṣé o ti ro etí oko ẹ? Ọ̀yà ò fẹ́ràn ibi gbalasa. Tóo bá jẹ́ kí koríko ga kan etí àgbàdo, o ti là á lọ́nà nìyẹn. Ro ó yípo kí ilẹ̀ hàn fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, èyí tó kù kóo fi ọ̀pẹ tàbí wáyà ṣe ọgbà sí i, kóo fi páńpẹ́ sójú àlàfo tóo dìídì fi sílẹ̀. Tóo bá sì mọ ọdẹ tó níwèé, tó lájá, ní kó wá, ẹ pín ẹran náà, wàá ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí ìwé ìbọn tìẹ tó jáde.

Ṣé o lọ́mọ nílé? Níbo lo máa gbé e sí? Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ibi ìbọn, orí àjà náà kì í ṣe ibẹ̀, ọmọdé mọ gbogbo ibi táa ń pa nǹkan mọ́ sí. Àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni, kátúùṣì á wà nínú òmíì, kọ́kọ́rọ́ á wà lára ẹ. Yọ owó àpótí náà kúrò nínú 300 000 yẹn.

Ọmọ Kétu:

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin àgbà. Ìyá mi, mo lọ́mọ méjì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ti bọ́dà yẹn mo ti fi í sílẹ̀, ṣakabùlà náà mo ti fi í sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ṣábẹ, tó bá wá jẹ́ pé àlòkù kalíbà 12 tó níwèé ni owó mi ká lọ́dọ̀ olùtajà tí ìjọba mọ̀, kí ni kí n wò lára ẹ̀? Kátúùṣì wo ni kí n rà?

Ọdẹ Ṣábẹ:

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Kóo tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ṣẹ́ ẹ kóo rí i pé kò sí kátúùṣì nínú ẹ̀, bí olùtajà bá tiẹ̀ ti sọ fún ẹ pé kò sí. Lẹ́yìn náà kóo fi ìwé wé nọ́ńbà ara irin, wọ́n gbọ́dọ̀ bára mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Gbé ẹnu ìbọn kọjú sí ìmọ́lẹ̀, yọjú láti ìdí ẹ̀, inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dán yòò títí dé òpin, tóo bá rí àwọn ihò pínnípínní, ìpẹtà ti jẹ ẹ́, tóo bá rí òjìji kan tó wọ́, wọ́n ti gbá a mọ́ nǹkan ó ti tẹ̀, má rà á. Pa á dé, gbá ìdí ẹ̀ mú lọ́wọ́ kan, irin lọ́wọ́ kejì, mì í. Kò gbọ́dọ̀ mì tìtì, tó bá ń mì ibi tó ti ń ṣẹ́ ti jẹ. Wo bóyá igi ìdí ẹ̀ là níbi ọrùn. Gbé e sí èjìká òsì ẹ, di ojú, la ojú, ṣé ojú ẹ bọ́ sórí irin tààrà àbí o ń na ọrùn? Igi tó bá gùn jù ṣeé gé, èyí tó kúrú jù ló le.

Lára irin ẹ̀, wàá rí 12/70 tàbí 12/76, 70 tàbí 76 yẹn ni bí ihò tí kátúùṣì ń wọ̀ ṣe gùn tó ní milimítà. Má ki kátúùṣì 76 sínú 70 láé, bó bá tilẹ̀ wọ̀ ọ́, torí tó bá yìn ó máa ń ṣí jáde síwájú, kò sì ní ráyè, agbára á wá pọ̀ jù nínú irin. Má sì jẹ́ kí kátúùṣì kalíbà 20 dé àpò kan náà pẹ̀lú 12. 20 tín-ín-rín, ó máa wọnú irin 12 lọ, á há sí iwájú, o ò ní rí i mọ́, wàá rò pé kò sí nǹkan kan, wàá ki 12 tẹ̀ lé e, ìbọn á bẹ́. Ìdí nìyẹn tí 20 fi sábà máa ń ní àwọ̀ yẹ́lò, kí ojú lè tètè dá a mọ̀. Tí ìbọn bá sì ti pẹ́ nínú àpótí, yọjú wo inú irin kóo tó jáde, agbọ́n máa ń fi amọ̀ kọ́lé síbẹ̀.

Fún ọ̀yà, kátúùṣì nọ́ńbà 4 tó, nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí ọta wẹẹrẹ inú ẹ̀ ṣe tóbi tó. Ra oríṣi méjì nínú nọ́ńbà 4 yẹn ní díẹ̀díẹ̀, má kó páálí kan lẹ́ẹ̀kan. Wá páálí ńlá kan, gbé e síwájú òkìtì ilẹ̀ tí ò sẹ́nì kan lẹ́yìn ẹ̀, dúró ní 30 mítà, yìn ín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kóo ka ihò tó wà láàárín àti èyí tó tú ká sí ẹ̀gbẹ́. Èyí tó bá kó ọta jọ sójú kan jù nínú méjèèjì ni ìbọn ẹ ń fẹ́, ọ̀kan náà ni kóo máa rà lọ. Tí ìwé bá ti jáde, kóo tó rà á, pè mí, mo máa bá ẹ débẹ̀ wò ó.

Ará Pobẹ̀:

Tóo bá ń lọ sí kọmísáríà, mú káàdì ìdánimọ̀ ẹ àti fọ́tò dání, kóo sì béèrè fún ìwé tí wọ́n máa fi gba owó lọ́wọ́ ẹ. Fàtúrà olùtajà náà, tọ́jú ẹ̀, pa á pọ̀ mọ́ ìwé ìbọn.

Ọmọ Kétu:

Ọjọ́ ajé ni mò ń lọ. Lọ́la màá bẹ̀rẹ̀ sí í ro etí oko bí Ìyá ṣe wí, àgbàdo tó kù ò ní dúró de ìwé.