Ẹ gbà mí o: ìlú wo ló ń di ìlọ́po méjì láàárín oṣù mẹ́ta ààbọ̀?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ mi ló fẹ́ dójú tì mí. Ìlú kan ní ènìyàn 20,000, wọ́n ń fi 3% pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Mélòó ni wọ́n máa jẹ́ lẹ́yìn ọdún 10, ọdún wo ni wọ́n sì máa di ìlọ́po méjì? 3% jẹ́ 600. Ọdún 10 jẹ́ 6,000. Mo ní 26,000. Ìwé ní 26,878! Ti ìbéèrè kejì tiẹ̀ tún burú: ọdún 0.288 ni ẹ̀rọ ìṣirò gbé fún mi.

Tíṣà Ìṣirò: Ẹ má bínú, ìwé ló jàre. Ọdún kìíní nìkan ló ni 600 yẹn. Nígbà tí ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti di 20,600, 3% rẹ̀ sì ti di 618. Ẹ ṣáà mọ èlé orí èlé? Òun náà nìyẹn. Ẹ ṣe 20,000 × 1.03¹⁰.

Olùbéèrè: Háà! Ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́. 0.288 wá ńkọ́?

Ọmọ ẹgbẹ́ kan: Mo mọ kòtò tí ẹ kó sí, èmi náà ti já síbẹ̀ rí. Ẹ ti fi 1.03 pín 2 kí ẹ tó tẹ log (bọ́tìnì tí a fi ń wá nọ́ńbà kékeré orí 1.03, ìyẹn iye ọdún). Ẹ kọ́kọ́ wá log ọ̀kọ̀ọ̀kan: log 2 jẹ́ 0.3010, log 1.03 jẹ́ 0.01284. Ẹ wá fi èyí kékeré pín èyí ńlá: ọdún 23.4.

Ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn: Kí n tó fọwọ́ kan log rárá, màá ti fi 3 pín 70 (ọ̀nà àbùjá láti fojú díwọ̀n ọdún ìlọ́po méjì): 23.3. Kò pé géérégé, àmọ́ kò sí bí 0.288 ṣe máa tàn mí.

Tíṣà Ìṣirò: Ẹ má kàn gbé e jáde kúrò nínú ìwé o. Ìwé ló ní 3% ò ní yẹ̀. Bílíọ̀nù 4 ni gbogbo ayé ní 1974, a di bílíọ̀nù 8 ní 2022, bíi 1.45% lọ́dọọdún nìyẹn. Àmọ́ ó ju 2% lọ nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ, kò sì tó 1% mọ́ báyìí.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ọmọ ti sùn, èmi ni mo ṣì ń ṣírò. Ṣé 23 ni kí n kọ àbí 24?

Tíṣà Ìṣirò: Bí wọ́n bá fẹ́ ọdún tó pé, 24 ni. Nígbà tí ọdún 23 bá parí, 39,472 péré ni wọ́n.