Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá: káàwọ́ọ̀ṣì olóṣooṣù yìí, ṣé kí n san án?

Àràbà_Òkèfìà, 1:52 ọ̀sán
Ẹ káàsán o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè dá mi lóhùn torí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ yìí ni wọ́n máa ti ètò náà pa. Káàwọ́ọ̀ṣì tuntun kan lọ́nà Ọláìyá ló ní téèyàn bá san 12,000 náírà lóṣù, kó máa gbé mọ́tò ẹ̀ wá fọ̀ iye ìgbà tó bá wù ú, kódà kó jẹ́ ojoojúmọ́. Ọ̀gá ibẹ̀ ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì láti àárọ̀. Ṣé ó dáa àbí kò dáa? Ta ló ti ṣe irú ẹ̀ rí l'Óṣogbo níbí? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n kówó dànù.

Ọmọ_Òròkí, 1:57
Èwo nínú wọn? Ṣé èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da kọnkéré síwájú ẹ̀ àbí ti ẹ̀yìn yẹn? Mọ́tò wo lẹ ń wà? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀? Ẹ ò sọ nǹkan kan tá a máa fi gbà yín nímọ̀ràn.

Tíṣà_Ìlọbùú, 2:03
Ìṣirò lásán ni. Mọ́tò sàlúùnù, 2,000 ni wọ́n ń fọ̀ ọ́ ládùúgbò wa. Ẹ pín 12,000 sí 2,000, mẹ́fà ni. Tẹ́ ò bá ní fọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ lóṣù, ẹ̀ ń bá wọn ra epo jẹnẹrétọ̀ ni. Èmi o, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mò ń fọ tèmi lóṣù, nígbà tí mo bá fẹ́ lọ òde. Ẹni tó ń tilé lọ síbi iṣẹ́ ní Abéré tó ń padà sílé, ọ̀dà ló ń gbà lọ, ọ̀dà ló ń gbà bọ̀, kí ló fẹ́ máa fọ̀ lójoojúmọ́?

Kelebe_lójú_ọ̀nà, 2:06
Tíṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé etí ọ̀dà lẹ lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo eruku pupa ní Kelebe lọ́hùn-ún. Alẹ́ àná ni mo fọ mọ́tò, ilẹ̀ mọ́ ó ti dà bíi pé wọ́n fi osùn kùn ún. Òjò sì ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí, ọyẹ́ ń bọ̀, láti ìparí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì eruku la máa jẹ, eruku la máa mu. Ká ní irú ẹ̀ wà ládùúgbò mi ni, mi ò bá ti san án.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀tàẹ̀fun, 2:15
Ẹ MÁ SAN ÁN. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, kì í sì í ṣe Ọláìyá, àmọ́ inú Òṣogbo yìí náà ni. Lọ́dún tó kọjá wọ́n ní kí n san oṣù mẹ́ta pọ̀, àwọn á yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀ fún mi, mo san án. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí ayaba ni wọ́n ṣe ń ṣe mí, "mọ́mì ẹ káàbọ̀", wọ́n á gbé àga sábẹ́ ìbòjì fún mi. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ojú wọn yí padà. Tí mo bá débẹ̀ ní Sátidé, àwọn tó gbówó lọ́wọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá lóhùn, wọ́n á ní kí èmi ṣe sùúrù, pé tèmi ò lè sá lọ. Lọ́jọ́ kan mo jókòó láti aago mẹ́sàn-án títí aago méjìlá fi kù díẹ̀, mọ́tò méje tó bá mi níbẹ̀ ló lọ tó fi mí sílẹ̀. Tí kò bá síná, wọ́n á ní pọ́ńpù ò lè fa omi. Tí iná bá wà, ọmọ tó ń fọ̀ ọ́ ò wá.

Èyí tó dùn mí jù, ojú mi ló ṣe. Ọmọ tó ń nu bọ́nẹ́ẹ̀tì, táwẹ́ẹ̀lì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ sínú yanrìn. Ó mú un, ó gbọ̀n ọ́n pà pà lẹ́ẹ̀mejì, ó tún fi ń nu mọ́tò mi lọ. Mo pariwo, ó ní "mọ́mì, ó ti kúrò." Camry Big Daddy dúdú ni mọ́tò mi, dúdú kì í sì í bo nǹkan mọ́lẹ̀. Tí oòrùn bá ti ràn sí i báyìí, ẹ máa rí gbogbo ibi tó ti ha, roboto roboto, láti iwájú dé ẹ̀gbẹ́ gíláàsì.

Ó tún kù. Lọ́sẹ̀ karùn-ún wọ́n ní àwọn á bá mi fọ ẹ́ńjìnì lọ́fẹ̀ẹ́ torí mo jẹ́ kọ́sítọ́mà. Ẹ́ńjìnì tó ṣì ń gbóná o, wọ́n yin omi sí i gbuuru. Mi ò tíì délé tí mọ́tò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, iná ẹ́ńjìnì yọ ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ó kú sójú ọ̀nà, èmi àtàwọn ọmọ nínú ẹ̀, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Mẹkáníìkì ní kọ́ìlì méjì, àwọn tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná, ló lọ. Nígbà tí mo padà lọ bá wọn, wọ́n ní ṣé àwọn ló ní kí mọ́tò mi gbó. Owó oṣù tó kù, wọn ò dá kọ́bọ̀ padà fún mi.

Ọlọ́jà_Orísunmbáre, 2:19
Háà, ẹ pẹ̀lẹ́ o Ìyá Ìbejì. Ọlọ́run ló yọ yín, tó bá jẹ́ ọ̀nà Ìbàdàn ló ti kú ńkọ́. Àràbà, ẹ ti gbọ́ o.

Ọmọ_Òròkí, 2:22
Ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn. Ẹ gbàgbé ẹ̀.

Rìwáyà_Alékúwodò, 2:31
Ohun tí mò ń fojú rí ní ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ sọ. Ìyá Ìbejì, Camry yín yẹn, orí pọ́lọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ni kọ́ìlì ẹ̀ jókòó sí, inú ihò sì ni pọ́lọ́ọ̀gì wà. Tí wọ́n bá fi omi alágbára lu ibẹ̀, omi á lọ sùn sínú ihò, iná tó yẹ kó dé ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì á máa gba ibòmíì lọ, ẹ́ńjìnì á wá máa gbọ̀n. Corolla 2003 náà bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà míì a kàn máa tú kọ́ìlì, a fi afẹ́fẹ́ lé omi jáde, a sá a gbẹ, ó sì máa ń padà bọ̀ sípò láìra nǹkan kan. Ẹ́ńjìnì ṣe é fọ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kó tutù ná, kí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù wé ọ́tánétọ̀, wé ilé fíúùsì àti ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa afẹ́fẹ́, kí omi má sì lágbára.

Bàbá_Ṣáábó, 2:36
Rìwáyà ọmọ mi, má dẹ́rù bà wọ́n. Láti 1988 ni mo ti ń wa mọ́tò, Omo àti omi kànga ni mo fi ń fọ gbogbo ẹ̀, ẹ́ńjìnì, táyà, rọ́ọ̀gì, kò ṣe mí ní nǹkan kan rí.

Rìwáyà_Alékúwodò, 2:40
Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ 504 àtijọ́ lẹ ń sọ. Kọ́ìlì ẹyọ kan ló ní, kò sí kọ̀ǹpútà nínú ẹ̀. Ti ìsinsìnyí ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Bàbá_Ṣáábó, 2:42
Corolla ni mò ń wà báyìí o! Ó sì wà níbẹ̀ tó ń dán.

Apẹ́ńtì_Òkèbaálẹ̀, 2:49
Bàbá, ẹ fọwọ́ ra òrùlé ẹ̀ wò, ẹ máa rí i pé ó ti ń ṣe háráhárá. Aṣọ ni wọ́n ṣe Omo fún, bó ṣe ń yọ epo lára aṣọ náà ló ń bó wáàsì tó ń dáàbò bo pẹ́ńtì kúrò lójú ẹ̀, oòrùn á wá ráyè wọlé. Ṣáḿpù mọ́tò ni kẹ́ ẹ rà.

Àràbà, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nìyí. Yanrìn kíkúnná ni eruku wa yìí. Kànìnkànìn tó bá kan mọ́tò kí wọ́n tó fi omi ṣan eruku kúrò, wọ́n ń fi yanrìn ha á ni. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ wo bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn. Ó yẹ kó jẹ́ méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, ìkejì fún omi tí wọ́n á máa ti kànìnkànìn bọ̀ kí wọ́n tó padà sínú ọṣẹ. Tó bá jẹ́ ọ̀kan péré, tí omi inú ẹ̀ sì ti dúdú, tí wọ́n sì ń fi táwẹ́ẹ̀lì kan náà nu táyà nu bọ́nẹ́ẹ̀tì, á jẹ́ pé ẹ̀ ń sanwó kí wọ́n lè máa ha á fún yín lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n fọ̀ sàn ju ojoojúmọ́ lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Òròkí_ní_Houston, 2:55
Níbi tí mo wà níbí, irú káàwọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ kún ìgboro. Àwọn Mister Car Wash tí ṣíà wọn dé ọjà New York ní 2021, owó àwọn tó ń san lóṣooṣù ló pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé fún wọn. Sítíkà ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú, ẹ̀rọ á rí i, irin á gbéra sókè, ẹ wọlé, kò ní pẹ́ ẹ ti jáde. Àwọn tó wà lápá òkè níbi tí yìnyín ti ń bọ́, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù, iyọ̀ yẹn sì ń jẹ irin abẹ́ mọ́tò, wọ́n gbọ́dọ̀ máa fọ̀ ọ́ léraléra ni. Àmọ́ ẹni tó san án tí kò lọ ni wọ́n ń jẹ èrè lórí ẹ̀. Èmi san oṣù mẹ́rin níbòmíì tí mi ò ní dárúkọ, mo ti kó kúrò ládùúgbò yẹn, wọ́n ṣì ń yọ ọ́ lára káàdì mi.

Tíṣà_Ìlọbùú, 3:01
Ẹ ṣeun, Houston. Àmọ́ ẹ̀rọ ló ń fọ tiyín, ọwọ́ èèyàn ló ń fọ tiwa. Tí ogójì èèyàn bá san án, tí gbogbo wọn sì dé ní àárọ̀ Sátidé, ọmọ mélòó ló máa fọ̀ ọ́? Ìbéèrè tó yẹ kí Àràbà bi ọ̀gá yẹn nìyẹn, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ìyá Ìbejì gan-an nìyẹn.

Ọ̀dọ́_Dáda_Estate, 3:08
Ẹ má bínú o, ta ló mọ ẹni tó lè bá mi fọ iná iwájú mọ́tò tó ti pọ́n? Mo ti fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́, ó tún padà.

Apẹ́ńtì_Òkèbaálẹ̀, 3:11
Kì í ṣe ìdọ̀tí, oòrùn ló jó ike ẹ̀. Sáńdípépà olómi àti pọ́líìṣì ló máa ṣe é. Ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀tàẹ̀fun, 3:24
Àràbà dà o? Ó ń lọ sí aago mẹ́rin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ sanwó.

Àràbà_Òkèfìà, 3:41
Ẹ má bínú, èrò ni mo gbé lọ Ẹdẹ. Mo ti ń kà á. Sienna ni mọ́tò mi o, ṣátà ni mo fi ń ṣe, Ìbàdàn, Èkó, òde ìnáwó. Ti Sienna 15,000 ni wọ́n pè é.

Tíṣà_Ìlọbùú, 3:44
Ẹ ẹ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀ látilẹ̀! Sienna, 3,000 ni wọ́n ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré, ẹ ti rí owó yín gbà padà, ẹni tó ń ṣe ṣátà sì lè fọ̀ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Ẹ san oṣù kan. Ẹ má san jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀tàẹ̀fun, 3:47
Ẹyọ kan pàápàá, ẹ má san án. Mọ́tò tẹ́ ẹ fi ń jẹun ni.

Rìwáyà_Alékúwodò, 3:52
Sienna kẹ̀? Ẹ gbọ́ o. Kọ́ìlì mẹ́fà ló wà níbẹ̀, mẹ́ta nínú ẹ̀ wà lẹ́yìn lápá ibi tí dáṣíbọ́ọ̀dù wà. Ká tó débẹ̀ a máa tú gbogbo òkè ẹ́ńjìnì. Iṣẹ́ tí mo fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣe lára Corolla, ó lè gba ọ̀sán gbogbo lára tiyín. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fomi kan ẹ́ńjìnì yẹn.

Àràbà_Òkèfìà, 4:52
Mo ti san án. Oṣù mẹ́ta, 40,000. Mo mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú yín ní kí n má san án, ẹ má bínú sí mi. Igi máńgò ńlá kan wà níbẹ̀, ọ̀gá ibẹ̀ sì ní kí n máa páàkì sábẹ́ ẹ̀ títí èrò fi máa pè mí. Ibi tí mò ń dúró sí tẹ́lẹ̀ létí títì, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lé mi níbẹ̀, inú mọ́tò sì máa ti gbóná débi pé èrò á wọlé á tún bọ́ sílẹ̀. Mo bi í ní ìbéèrè Tíṣà náà, ó ní ọmọ mẹ́rin ló wà. Èmi ò ní lọ ní Sátidé.

Apẹ́ńtì_Òkèbaálẹ̀, 4:55
Abẹ́ igi máńgò! Oje igi àti ìgbẹ́ ẹyẹ ń jẹ pẹ́ńtì o. Tó bá ti kán sí i, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó sùn síbẹ̀ mọ́jú.

Àràbà_Òkèfìà, 4:57
Torí náà ni mo fi fẹ́ máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀tàẹ̀fun, 5:03
Ó dáa, Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Táwẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Ẹ́ńjìnì ńkọ́?

Àràbà_Òkèfìà, 5:10
Mo ti ra mẹ́ta tèmi ní Orísunmbáre kí n tó lọ, ó wà nínú bùútù. Wọ́n ń fọ̀ ọ́ lọ́wọ́ báyìí, mo dúró tì wọ́n. Mo ní kí wọ́n má ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá.