Àwọ̀ àwòrán tó ń ṣá nígbà tí ìwé ẹ̀rọ bá di ojú-ewé ìrànlọ́wọ́: ẹ wá sọ ìrírí yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìwé ìtọ́nisọ́nà inverter ni mò ń kọ, èmi náà ni mo sì máa ń sọ ọ́ di ojú-ewé tí oníbàárà lè ṣí lórí fóònù. Ìwé kan wà tí wọ́n ya bí wọ́n ṣe ń so wáyà sí: búráùn fún live, búlúù fún neutral, àwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò fún earth. Lórí bébà, ó hàn kedere. Lẹ́yìn tí sọ́fítíwíà yí i padà tán, búráùn ti di pupa tó ṣá, yẹ́lò sì ti wọnú àwọ̀ ewé pátápátá. Oníná tó bá tẹ̀ lé irú àwòrán yẹn ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára.

Mo tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó tẹ ìwé náà ti fi àwòrán sí CMYK, ìyẹn tadà mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, nígbà tó jẹ́ pé RGB, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, ni ojú fóònù mọ̀. Sọ́fítíwíà náà ò wo prófáìlì àwọ̀ tó wà nínú fáìlì rárá, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń sọ bí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ rí. Èyí tó wá burú jù ni pé gbogbo àwòrán ló sọ di JPEG, irú fáìlì tó ń gé lára àwòrán kí ó lè kéré. JPEG máa ń tọ́jú ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe sábà ń lò ó, píksẹ́lì 4 (àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán) ló ń pín àwọ̀ kan ṣoṣo lò. Nínú fọ́tò, ojú ò ní rí i. Ìlà wáyà tó fẹ̀ tó píksẹ́lì kan tàbí méjì lórí funfun ńkọ́? Mo fẹ àwòrán náà lójú dáadáa: etí wáyà búlúù ti ń ṣe eérú, ẹ̀gbin kéékèèké sì ti yí àwọn lẹ́tà ká.

Àwọ̀ tó bá ti lọ kì í padà, torí náà mi ò da ara mi láàmú lórí èyí tó ti bàjẹ́. Mo lọ bá ayàwòrán, mo gba fáìlì tó kọ́kọ́ yà, mo gbé e jáde ní SVG, ìyẹn fáìlì tó ń fi ìlà ya àwòrán dípò píksẹ́lì, pẹ̀lú àwọ̀ sRGB, irú RGB tí ojú fóònù sábà ń lò. Àwòrán ojú ẹ̀rọ (screenshot), PNG ni mo fi wọ́n sí, torí PNG kì í sọ píksẹ́lì kankan nù. Fọ́tò nìkan ni mo fi sílẹ̀ fún JPEG.

—

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Word ni wọ́n sábà ń fi ránṣẹ́ sí èmi. Ẹ mọ̀ pé zip, ìyẹn àpò tí wọ́n di ọ̀pọ̀ fáìlì sí, ni fáìlì .docx tí Word ń ṣe? Ẹ da á kọ, ẹ fi .zip sí ìparí orúkọ ẹ̀dà náà, ẹ ṣí i, ẹ wọ fódà word, kí ẹ wá wọ media. Àwọn àwòrán inú ìwé ti wà níbẹ̀, láìjẹ́ pé sọ́fítíwíà kankan tún wọn sè. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń kọ ìwé tètè lọ sí Options, sí Advanced, kó mú “Do not compress images in file”, torí Word fúnra rẹ̀ máa ń dín àwòrán kù bó ṣe ń fi ìwé pamọ́.

—

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. GIF, irú fáìlì àwòrán kan, la fi ń ṣe é nígbà náà, kò sì gba ju àwọ̀ 256 lọ. PNG jáde ní 1996, ara tù wá. Èyí tó ṣì ń dààmú àwọn tó ní ìwé àtijọ́ ni EPS, irú fáìlì àwòrán tí àwọn atẹ̀wé ń lò: àwòrán kékeré kan máa ń wà nínú rẹ̀ fún wíwò lásán, òun sì ni sọ́fítíwíà mìíràn ń gbé. Bí àwòrán yín bá jáde ní ṣákaṣàka, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí èyí tí wọ́n fọ̀, ẹ wo ibẹ̀ kọ́kọ́.

—

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí dark mode, ìyẹn ìgbà tí ojú fóònù bá di dúdú tí lẹ́tà sì di funfun. PNG tí kò ní ilẹ̀, tó ní lẹ́tà dúdú, kì í hàn rárá lórí fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn. Ilẹ̀ funfun ni mo máa ń tẹ́ sábẹ́ tèmi báyìí.