Ọ̀rọ̀ wo ni kí n lò fún ẹni tí kò gbàgbọ́ mọ́?

Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ forí jì mí tó bá gùn díẹ̀.

Àbúrò mi sọ fún mi pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́. Ó ń ṣẹ́ etí ìwé orin ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì tún ń nà án padà. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun sọ fún ìyá wa, Yorùbá nìkan ni Màmá sì gbọ́.

"Apẹ̀yìndà" ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Àmọ́ ẹni tó pa ẹ̀yìn dà ni, ẹ̀sùn ti wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdún mélòó kan ni ọmọ yìí fi gbàdúrà kí ìgbàgbọ́ náà má bọ́ lọ́wọ́ òun. Lóòótọ́, ní Jeremáyà orí 3, Ísírẹ́lì apẹ̀yìndà náà ni Ọlọ́run ń pè pé kó padà. Mi ò rò pé ibẹ̀ ni ọkàn Màmá máa lọ. "Ó ti fà sẹ́yìn" ńkọ́? Létí tiwọn, ẹni tó ti padà sídìí ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. "Kèfèrí" kò tiẹ̀ ṣeé sọ, èébú ni. "Aláìgbàgbọ́" kò sì fi hàn pé ó gbàgbọ́ rí.

Mo sọ "ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti sọnù" sókè fún ara mi lálẹ́ àná. Ó dùn mí, àmọ́ òun ló sún mọ́ òótọ́ jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ wo lẹ máa lò, tí ìyá á fi gbọ́ ọ láìrò pé ọmọ òun ti di ọ̀tá Ọlọ́run?

Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá dá mi lóhùn.