Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí bàbá àgbà fi sílẹ̀: ṣé ó ṣì ṣeé yìn?

Ìbéèrè: Ọmọ Ọdẹ Bẹẹrẹ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Nígbà tí a ń tún àjà ilé wa ní Bẹẹrẹ ṣe ní oṣù tó kọjá, a rí ìbọn kan tí wọ́n fi aṣọ òfì wé, àwọn ẹbí sì jẹ́rìí sí i pé bàbá bàbá mi ló ni ín. Kì í ṣe ṣakabùlà tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ. Ẹnu méjì ló ní, tí wọ́n so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹnu náà ni wọ́n sì ń gbà ki ẹ̀tù àti ọta sí i. Òòlù kékeré méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, ilà tó ń lọ́ bí omi odò sì wà lára irin ọ̀pá rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìbọn Lọ́ńdọ̀nù ni, pé ó sì lọ sí ogun Kírìjì.

Ní oṣù tó ń bọ̀ ni a ó ṣe ìrántí bàbá mi, àwọn kan nínú ẹbí sì fẹ́ kí a yin ìbọn yìí ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó di ohun tí a gbé kọ́ ara ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi ti ra bébà tí àwọn káfíńtà fi ń ha igi, kí ó lè fi ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò. Mo bẹ̀ yín, kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Ará Ìbàdàn ní Birmingham

Ẹ kú àwárí o. Kí a tó sọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ìbọn yìí rárá, ẹ kà á sí ìbọn tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀ títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí pé òfìfo ni. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ má ṣe dojú kọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ rọra ti ọ̀pá igi tó tọ́ bọ ẹnu kan títí yóò fi kan ìsàlẹ̀. Ẹ sàmì sí ibi tí igi náà ti bá ẹnu ìbọn dọ́gba, kí ẹ fà á yọ, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ìbọn lóde. Bí igi bá dé ìtòsí ibi tí òòlù ń gbá, kò sí nǹkan níbẹ̀. Bí ó bá ku ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó débẹ̀, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣe ti ẹnu kejì lọ́tọ̀, nítorí ọ̀kan lè ṣófo kí ìkejì kún. Ẹ̀tù dúdú tí ọ̀rinrin kò bà kì í kú. Ẹni tó ki ìbọn lè ti di ará ọ̀run láti ọdún pípẹ́, kí ẹ̀tù tó kì sí i ṣì máa dúró de iná.

Ní ti ọjọ́ orí rẹ̀, àlùfáà ará Scotland kan, Alexander Forsyth, ló gba ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n kí òòlù máa gbá ohun tí ń gbiná, dípò òkúta tí ń ṣáná, ní ọdún 1807. Láàárín ọdún 1820 sí 1830 ni ohun kékeré onídẹ bíi fìlà, tí a ń fi bọ orí ibi tí òòlù ń gbá, wá gbilẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1860, ìbọn tí a ń ki láti ìdí ti ń lé irú tiyín lọ ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n wọn kò dẹ́kun láti máa rọ ti ẹnu fún ọjà Áfíríkà. Ilà tí ẹ rí fi hàn pé irin rírọ̀ àti irin líle ni wọ́n lọ́ pọ̀, tí wọ́n wé mọ́ ọ̀pá, tí wọ́n sì fi iná àti òòlù lẹ̀ pọ̀. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ìpẹtà lè ti jẹ ojú ibi tí a ti lẹ̀ ẹ́ láti inú, kí òde máa dán.

Ẹ yẹ ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà wò. Ọ̀pá àṣẹ méjì tó dábùú ara wọn lábẹ́ adé, pẹ̀lú lẹ́tà B, P àti C, jẹ́ òǹtẹ̀ Birmingham níhìn-ín, níbi tí òfin ti dá ilé ìdánwò ìbọn sílẹ̀ ní ọdún 1813. Lẹ́tà G àti P lábẹ́ adé jẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹ bá rí ELG nínú àmì bí ẹyin, Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ló ti wá. Nọ́ńbà bíi 12 tàbí 14 kì í ṣe ọdún: iye ọta òjé roboto tó wọ ẹnu ìbọn náà rẹ́gí, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ ìwọ̀n pọ́n-ùn kan, ni.

Nípa yíyìn, èrò mi ni pé kí ẹ má dán an wò. Lóòótọ́, àwa tí ń gba irú ìbọn yìí jọ níhìn-ín ń yìn wọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè púpọ̀ tí ń fi ìbọn àtẹnukì díje ti ní àjọ kan láti ọdún 1971, a sì máa ń yìnbọn lu àwo amọ̀ tí ẹ̀rọ ń jù sókè. Ìdíje Manton ni ti ìbọn olókùúta ìṣáná, Lorenzoni sì ni ti irú tiyín. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ìbọn tó mọṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ wo inú ọ̀pá náà, kí ó sì wọn sísanra irin rẹ̀ kí a tó dé pápá. Òfin níhìn-ín pàápàá fi ìyàtọ̀ sí i: ìbọn àtijọ́ tí ẹ fi ṣe ọ̀ṣọ́ ilé kò béèrè ìwé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá pinnu láti yìn ín, ìwé di dandan.

Ẹ gba bébà yẹn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín. Ó lè ha òǹtẹ̀ àti ilà náà dànù, ìyẹn gan-an sì ni ẹ̀rí ibi tó ti wá. Aṣọ àti òróró díẹ̀ tó. Ẹ má sì dá a padà sínú òfì, nítorí aṣọ a máa gba ọ̀rinrin mọ́ra.

Ìdáhùn: Ọdẹ Akínyẹlé

Mo ti ń ṣọdẹ láti kékeré, a sì máa ń yìnbọn bí ọdẹ bá papò dà, nítorí náà n kò rò pé ó burú kí ẹbí ronú rẹ̀. Àmọ́ ìbọn ẹlẹ́nu méjì ní ewu tirẹ̀ tí ṣakabùlà kò ní. Bí ẹ bá yin ọ̀kan, ìjì rẹ̀ lè mú kí ọta inú ìkejì sún síwájú kúrò lórí ẹ̀tù, àlàfo yẹn sì lè wú irin tàbí kí ó fọ́ ọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ tún lè ki ẹnu kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ẹ̀tù inú kátíríìjì òde òní wá, ẹ sá fún un: agbára rẹ̀ ju ohun tí irin àtijọ́ lè gbà lọ.

Ìdáhùn: Olùkọ́ Ìtàn, Agodi

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣọ́ra mú ọ̀rọ̀ Kírìjì. Ogun yẹn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, wọn kò sì tú ká ní ibùdó títí di ọdún 1893, nítorí náà ó yẹ kí ẹ ṣírò ọjọ́ orí bàbá àgbà kí ẹ tó kọ ọ́ sínú ìwé ètò ìrántí. Ìbọn àtẹnukì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn jagunjagun Ìbàdàn nígbà náà, ìbọn ìgbàlódé tí Èkìtì Parapọ̀ ń ki láti ìdí sì ni ìró rẹ̀ fún ogun náà lórúkọ. Àwọn ológun wa sábà máa ń lo olókùúta ìṣáná, torí pé ẹni tó bá lo irú tiyín gbọ́dọ̀ máa ra fìlà onídẹ yẹn lọ́wọ́ oníṣòwò etíkun ní gbogbo ìgbà.

Ẹ má gbàgbé òfin. Òfin ìbọn ọdún 1959 ní orílẹ̀-èdè wa ya ìbọn àtẹnukì sọ́tọ̀ ní ìsọ̀rí tirẹ̀, ó sì dárúkọ ìbọn onífìlà náà níbẹ̀. Pípẹ́ tó pẹ́ kò sọ pé kí ẹ máa gbé e kiri ìgboro láìgba ìwé.

Olùbéèrè padà wá

Ẹ ṣeun gan-an ni. A ti ọ̀pá bọ̀ ọ́: ẹnu òsì ṣófo, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún fi ìbú ọwọ́ kan kúrú. A ti yàrá náà pa, a sì ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́pàá ní Ẹlẹ́yẹlé. Ẹni tó mọ̀ nípa ìbọn wá tú u nílé. Ìháhá ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ọta òjé, lẹ́yìn náà ẹ̀tù tó gbẹ bí ìyẹ̀fun ẹ̀lùbọ́. Àwọn ọmọ àbúrò mi ti ń fi ìbọn yìí ṣeré láti ọjọ́ tí a ti gbé e sọ̀kalẹ̀.

A kò ní yìn ín mọ́. Bí ìwé rẹ̀ bá jáde, orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán bàbá ni yóò wà, àwọn ọdẹ yóò sì sun ìrèmọ̀jé. ELG ni a rí ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá, pẹ̀lú nọ́ńbà 14. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kì í ṣe ìbọn Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kí n má sọ fún ìyá wa.